Ọkọ̀ tí À Ń Wọ̀, Afẹ́fẹ́ tí À Ń Mí: Ẹ̀kọ́ Kékeré lórí Orúkọ

Nínú ìmọ̀ ìtumọ̀, a kọ́ pé orúkọ kì í sọ gbogbo ohun tí nǹkan jẹ́. Yóò mú ìhà kan, yóò gbé e síwájú, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí, mo fẹ́ kí a fi òye yẹn wo àwọn ọkọ̀ tó ń gbé wa káàkiri Èkó. Kí ni orúkọ wọn sọ? Kí ni ó fi sílẹ̀? Ohun tó fi sílẹ̀ ni èéfín, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ohun tí orúkọ ọkọ̀ ń sọ

Orí omi ni ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oríṣi mìíràn dé, a fi ọ̀rọ̀ kún un: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn dáadáa: a-yọ́-kẹ́lẹ́, ohun tó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ìrìn rẹ̀ ni orúkọ náà ń yìn. Alùpùpù ń sín ìró ẹ́ńjìnnì jẹ. Ọ̀kadà gba orúkọ lára ilé iṣẹ́ bàálù Okada Air, nítorí pé ó ń fò kọjá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń rántí Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Bí a bá sì sọdá sí Kùtọnù, orúkọ tí ọ̀kadà ń jẹ́ níbẹ̀ ni zémidjan, èdè Fọn tó túmọ̀ sí "tètè gbé mi lọ".

Ìró, ìyára, orúkọ ènìyàn ńlá: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí ọkọ̀ ń tú jáde láti inú sàlẹ́ńsà.

Nígbà tó wá kan ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwàdà la fi ń ṣe. "Legedez Benz ni mo wọ̀ wá," la máa ń wí, a ó sì rẹ́rìn-ín. Àwàdà náà dùn, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wà nínú rẹ̀: pé ẹni tó ń rìn, owó ọkọ̀ ni kò ní. Ọ̀nà ìrìnnà tó mọ́ jù lọ nínú ìlú wa wá di ohun yẹ̀yẹ́.

Èéfín tí a rí àti èyí tí a kò rí

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà: bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Òwe náà gbára lé e pé ojú ń rí èéfín. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún èéfín dúdú tírélà tó ń gun afárá. Ṣùgbọ́n èyí tó léwu jù kò ṣeé fojú rí. PM2.5 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, èérún tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Fọ́nrán irun orí kan lè fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30.

Mo dábàá pé kí a máa pè é ní *eruku kíkúnná*. Ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ rí mọ̀ pé èyí tó rí wóróbo á dúró sórí ajọ̀, èyí tó kúnná á kọjá. Imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni ajọ̀ tiwa. Eruku ọyẹ́ tó tóbi, a ó sín in jáde. Eruku kíkúnná á kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ń dá kún àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ikọ́ fée àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Báńkì Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde ní 2020 pé èérí afẹ́fẹ́ yìí fa ikú àìtọ́jọ́ bí 11,200 ní Èkó ní 2018 nìkan. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú pópó wà lára ohun tó ń fà á jù, òun àti ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀

Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kú ní London ní oṣù Kejì 2013. Ikọ́ fée ló ń bá a jà, ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ ti ń wọ́ gììrì ni ilé wọn sì wà, ní Lewisham. Ìyá rẹ̀ kò sinmi títí di oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú kọ ọ́ sílẹ̀ pé èérí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ irú rẹ̀ fún.

Níhìn-ín, "ikọ́ ni" la máa ń wí, tàbí "àyà ló ń dùn ún", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí a kò dárúkọ, a kò lè pè é lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London mọ ULEZ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín gbùngbùn ìlú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2019, ó sì kárí gbogbo London ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu ń san pọ́n-ùn 12.50 lójúmọ́. N kò sọ pé kí a gbé òfin náà wá sí Èkó bó ṣe wà. Bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ti wà ní London kí wọ́n tó ní kí ènìyàn sanwó. Ẹni tí a bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a fi òmíràn hàn án.

Yíyàn tó wà nílẹ̀

Díẹ̀ ti wà. BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS. Rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Iná mànàmáná ló ń gbé e rìn, kò tú èéfín kankan sójú títì. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá bá a mu, kó bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, òun nìkan ló ni gbogbo èéfín rẹ̀. Bí èrò 14 bá wà nínú dáńfó, wọ́n pín in sí ọ̀nà 14. Ká tilẹ̀ ní èéfín dáńfó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn, tirẹ̀ ṣì kéré púpọ̀ lórí èrò kọ̀ọ̀kan.

Ìrìn kúkúrú ló yẹ kí a kọ́kọ́ mójú tó. Ohun èlò kan wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà tó ń fọ èéfín, kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí yóò fi gbóná. Ẹni tó wa ọkọ̀ lọ ra búrẹ́dì ní ìkòríta á ti padà délé kó tó gbóná. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò tilẹ̀ ní in mọ́. Ìrìn kìlómítà kan, ìṣẹ́jú 15 ni ẹsẹ̀ máa gbà. Bí àdúgbò bá ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ẹ gba ibẹ̀ dípò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, nítorí pé bí a bá ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó ni èéfín rẹ̀ ń dínkù. Gíláàsì ọkọ̀ kò sì gba ẹni tó jókòó sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ là. Èéfín ọkọ̀ iwájú ló ń mí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọjà lórí ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ gbà, òkùnkùn alẹ́, ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù: wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó wọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn tipátipá. Ìyẹn kì í ṣe yíyàn. Yíyàn ni kí ọ̀nà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó lówó ọkọ̀ lọ́wọ́ á ṣì yàn láti rìn.

Iṣẹ́ tiwa

Iṣẹ́ yìí kan ẹ̀ka wa. Lára àwọn tó ti jáde níbí ni akàròyìn rédíò, ògbufọ̀ àti olùkọ́. Àràárọ̀ ni rédíò ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti dí pa, kì í sọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Bí ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní Ojota bá gbọ́ "eruku kíkúnná pọ̀ lónìí", ó lè gbé ọmọ rẹ̀ kúrò létí títì. Bó bá gbọ́ "PM2.5 ti ròkè", kò ní gbé e lọ ibì kankan.

Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju eyí tí mo dábàá lọ, ẹ mú un wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí ó ní orúkọ, kí ó sì jẹ́ orúkọ tí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lè pè.