Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Kí Ló Dé Tí Ẹ̀jẹ̀ S Kò Tíì Parẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹ ní yunifásítì ń mú kí o béèrè ọ̀rọ̀. O ní olùkọ́ yín sọ pé ìṣàyàn àdánidá ló ń yí ohun abẹ̀mí padà láti ìran dé ìran, àti pé àbùdá tó bá ń pa ẹni tó ní in kì í pọ̀ láwùjọ. O wá bi mí pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ S tó ti ń pa ọmọ wa láti ayébáyé kò tíì parẹ́, tó fi jẹ́ pé ní Nàìjíríà lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ òbí kan péré. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé irọ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Èmi ò gbà fún un. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo mọ̀ lórí ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ìyípadà ohun abẹ̀mí láti ìran dé ìran, n kò rí èyí tó mọ́lẹ̀ tó ẹ̀jẹ̀ S, tó sì wà nínú ilé wa báyìí. Ibi tí ẹ ti ṣìnà ni pé ẹ rò pé ohun tó dára ni ìṣàyàn àdánidá ń ṣà. Kò mọ dáadáa, kò mọ burúkú. Iye ọmọ tó yè, tó dàgbà, tó sì bí ọmọ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé àti lábẹ́ ewu tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló ń kà.

Ohun tí Charles Darwin kọ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1859 kò le láti lóye. Ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Lára ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra, òmíràn wà tó jẹ́ àjogúnbá. Ọmọ tí wọ́n ń bí láyé sì máa ń pọ̀ ju èyí tó ń dàgbà lọ. Tí àwọn tó ní àbùdá kan bá ń là ju àwọn tí kò ní in lọ, àbùdá náà yóò pọ̀ sí i nínú ìran tó ń bọ̀, yóò tún pọ̀ sí i nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń pàṣẹ. Darwin ò mọ jíìnì, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí dé ara ọmọ; ó kàn rí iṣẹ́ rẹ̀ lókèèrè ni. Àwa ti rí i nítòsí.

Ní 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́kùnrin kan láti erékùṣù Grenada tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹ̀mógílóbìn gan-an, ìyẹn èròjà tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Vernon Ingram ló wá rí ojú ibi tó wà ní 1956. Hẹ̀mógílóbìn ní ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní béta, ègé 146 ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyọ kan péré, èyí tó wà ní ipò kẹfà, ló yàtọ̀ nínú S. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan yìí ló ń mú kí hẹ̀mógílóbìn S lẹ̀ mọ́ra wọn di ọ̀pá gígùn nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù. Sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, á le gbagidi, á dí òpójẹ̀ kéékèèké, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ títí tí yóò fi ké. Bí ó ṣe ń ṣe ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tí a ń pè ní SS, nìyẹn. Ẹni tó jogún S ẹyọ kan, hẹ̀mógílóbìn A, èyí tí kò ní àbùkù, àti S ló jọ wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Hẹ̀mógílóbìn A yìí kì í jẹ́ kí S ráyè lẹ̀ mọ́ra, ara rẹ̀ sì máa ń dá ṣáṣá. Àmọ́ tí kòkòrò ibà bá wọnú sẹ́ẹ̀lì AS, ọ̀rọ̀ yí padà. Kòkòrò náà á lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, ọlọ inú á gbé sẹ́ẹ̀lì àti kòkòrò dà nù kí kòkòrò tó dàgbà. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí S ń gbà dí kòkòrò yìí lọ́wọ́. Ibà lè ṣe ọmọ AS o, ṣùgbọ́n ibà líle tó ń dá gìrì sílẹ̀, tó ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára ọmọdé, ewu rẹ̀ lórí ọmọ AS dín sí ti ọmọ AA, tí kò ní S rárá, ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ni Anthony Allison, tí wọ́n bí ní South Africa, tó dàgbà ní Kenya. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò káàkiri Kenya ní 1949. Létí òkun àti lágbègbè adágún Victoria, níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, àwọn tó ní S lé ní 20 nínú 100. Lórí òkè, níbi tí òtútù kò jẹ́ kí ẹ̀fọn gbilẹ̀, wọn ò tó ẹyọ kan nínú 100. Ní 1954 ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde pé ibà ló gbé S dúró. Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀yà ló fa ìyàtọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí S fi ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn Zulu àti Xhosa, tí wọ́n dúdú bíi tiwa? Kí ló dé tó fi wà lára àwọn ará Gíríìsì kan, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Íńdíà, àti ní ìlà oòrùn Saudi Arabia? Ibi tí ibà ti jà fún ọ̀pọ̀ ìran ni S pọ̀ sí. Frank Livingstone tilẹ̀ sọ ní 1958 pé àgbẹ̀ tó gé igbó láti gbin iṣu ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn, tí omi fi ń dá rogún síbi tí ẹ̀fọn fẹ́ràn láti yé sí, nítòsí abúlé tí èèyàn ti kóra jọ. Tí òótọ́ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ àwa tí a ń jẹ iyán wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ ti máa tú. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye tí ẹnì kan kà nílé ìwòsàn. Ká ní wọ́n bí 1,000 ọmọ ní ìlú kan láyé ìgbà tí kò sí oògùn: AA 774, AS 212, SS 14. Méjì méjì ni kálukú gbé jíìnì yìí wáyé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,000. S jẹ́ 240 nínú rẹ̀, ìyẹn ìdá 12 nínú 100. Gbogbo SS 14 kú kí wọ́n tó bàlágà. Tí kò bá sí ibà, yóò ku AA 774 àti AS 212, S yóò di 212 nínú 1,972. Ó ti já sí nǹkan bí ìdá 10.8 nínú ìran kan ṣoṣo, yóò sì máa já bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ì bá jàre ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Wá jẹ́ kí ibà wọ ìlú náà, kó pa 105 nínú àwọn ọmọ AA, kó sì dá AS sí. Àwọn tó dàgbà di AA 669 àti AS 212. S jẹ́ 212 nínú 1,762, a sì tún padà sí ìdá 12. Ohun tí ikú SS mú kúrò, ikú AA ti dí i. Tí S bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, SS tí wọ́n ń bí á pọ̀, ikú wọn á fà á wálẹ̀. Tó bá kéré jù, AS tó ń là á gbé e sókè. Wo iye òkú méjèèjì dáadáa. AA tó kú ju SS lọ ní ìlọ́po méje àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ikú ibà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu láyé ìgbà yẹn. Ọmọ tó ń ṣàìsàn léraléra nínú ilé kan ṣoṣo ló ń ya ará àdúgbò lẹ́nu, òun ni wọ́n sì ń sọ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́. Àwọn oníṣègùn kan gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, SS ni wọ́n.

Irú ìlú tí kò sí ibà yẹn ni Amẹ́ríkà ti dà. Láàárín àwọn ọmọ ìran Áfíríkà tó wà níbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 13 ló ní S báyìí. Mo mọ̀ pé àdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú aláwọ̀ funfun wà lára ohun tó dín in kù, n kò sì ní gbé gbogbo rẹ̀ ka ìṣàyàn lórí.

Wọ́n á sọ fún ẹ pé ìtàn ni gbogbo èyí, pé kò sẹ́ni tí ìṣàyàn àdánidá ṣojú ẹ̀ rí. Ó ṣojú wa. Nígbà kan, chloroquine ni gbogbo ilé ń lò fún ibà. Kòkòrò tí oògùn náà ò lè pa ló ń bímọ, títí tí oògùn náà fi di aláìlágbára, tí Nàìjíríà sì fi oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Malawi ló tún ṣe èyí tó jọ mí lójú jù. Wọ́n pa chloroquine tì níbẹ̀ ní 1993. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọdé ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ó wò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn sàn. Kòkòrò tó le sí oògùn ń san owó kan fún líle rẹ̀; tí oògùn kò sí mọ́, èyí tí kò le ló tún borí.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó sọ pé S kò ju ohun tó bàjẹ́ lọ, pé ìbàjẹ́ kì í gbé ẹ̀dá síwájú. Mo gbà pé S bàjẹ́. Ta ló wá sọ pé ìṣàyàn ń gbé ẹnikẹ́ni síwájú? Wo ẹ̀jẹ̀ C, tó wà lára àwa náà, tó sì pọ̀ jù ní Burkina Faso àti àríwá Ghana. Ipò kẹfà yẹn kan náà ni C ti yí padà, ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà, CC kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní wàhálà lára. Ká ní ìṣàyàn lójú ni, C ni ì bá mú, ì bá da S nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní C ẹyọ kan kì í rí ààbò púpọ̀, ẹni tó bá ní méjì ló ń rí i. Nígbà tí C sì ṣọ̀wọ́n, ta ni yóò ní méjì? S ní tirẹ̀, ẹyọ kan ti tó. Èyí tó wúlò lónìí ló tàn kálẹ̀, kò sẹ́ni tó ro ti ọ̀la. Pé gbogbo ìyípadà jẹ́ ìbàjẹ́ pàápàá kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ni inú ń run tí wọ́n bá mu wàrà tútù púpọ̀, nítorí èròjà tó ń da ṣúgà inú wàrà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró látìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ní ìyípadà kan tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró, kò sì sí àìsàn kankan tí wọ́n fi ń san owó rẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́ rẹ, n kò ní kí o fi sílẹ̀. Ẹni tó mọ bí ìkùukùu ṣe ń di òjò lè gbàdúrà fún òjò síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ tí o fi kún lẹ́tà rẹ kò ní pẹ́: kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀bọ òde òní ló bí wa, àwa àti àwọn ló ní baba ńlá kan náà nígbà pípẹ́ sẹ́yìn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀kọ́ yìí ní kí a jẹ́ kí aláìsàn kú. Ẹ̀kọ́ yìí ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò pàṣẹ fún wa. Oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea ń dín ìrora àwọn SS kù, ní 2023 sì ni Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe lára aláìsàn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ní ilé yín pé ẹ̀fọn ò lè rí SS gbé ṣe torí pé S wọn jẹ́ méjì. Irọ́ gbáà ni. Ibà wà lára ohun tó ń pa ọmọ SS jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó kéré tẹ́lẹ̀ lára wọn ló tún ń gbẹ. Abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n sì máa lo oògùn ìdènà tí dókítà bá kọ fún wọn. Ìwọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rẹ kí ọ̀rọ̀ ọkọ tó délẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ AS àti AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí ló wà nínú ewu ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, bí ti ìṣáájú bá tilẹ̀ ti jẹ́ SS.

Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ