Oògùn Méjì Nínú Ara Kan

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò lọ sí Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, nígbà mìíràn oògùn a máa wà nínú ẹrù wọn, èdè Faransé ni a ó sì kọ sára páálí rẹ̀.

A lè fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà sì fún un ní simvastatin. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Abidjan fi simvastatine ránṣẹ́ sí i. Ìyá rò pé oògùn mìíràn ni, ó sì ń lo méjèèjì pọ̀. Kò mọ̀ pé oògùn kan náà ni òun ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ikọ́ tún mú un, ó ra clarithromycin láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ewu ńlá ni èyí. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn dà bí ọlọ: òun ni í lọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúnná kí ara tó lè dà á nù. Clarithromycin a máa dá ọlọ yìí dúró. Simvastatin a wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan jẹ́. Ara a máa ro aláìsàn, ìtọ̀ rẹ̀ lè dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, kíndìnrín rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Amlodipine, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa mú kí simvastatin pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lo méjèèjì kò gbọdọ̀ lo simvastatin ju mìlígíráàmù 20 lọ lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Bayer ti ilẹ̀ Jámánì kó cerivastatin, tí í ṣe ẹbí simvastatin, kúrò lọ́jà nítorí pé ó ba iṣan àwọn ènìyàn jẹ́ dé ojú ikú. Àwọn kan nínú wọn ti lo gemfibrozil pọ̀ mọ́ ọn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí da oògùn rẹ̀ nù, nítorí ó ń dáàbò bo ọkàn. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí aláìsàn kó gbogbo oògùn tí ó ń lò, àti ti òyìnbó àti àgbo, lọ síwájú dókítà tàbí apòògùn kí ó tó fi òmíràn kún un. Ọmọ tí ó mọ̀wé nínú ilé ni ó sì yẹ kí ó máa bá àgbà ka ohun tí a kọ sára páálí. Abéèrè kì í ṣìnà.