Ajá Kékeré Méjì: Èwo Ni Ó Yẹ Ilé Àgbẹ̀ Olóko Kòkó?



Gbogbo wa ni a mọ ìwúlò ajá ní ilé àti ní abà. Eku ń jẹ àgbàdo nínú àká, olè sì ń rìn lóru. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajá kan kì í ṣe iṣẹ́ ajá kejì. Ẹni tí ó bá torí ẹwà nìkan yan ajá yóò kábàámọ̀ nígbà tí ìwà rẹ̀ bá hàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ irú ajá kékeré méjì wò, tí ara wọn kì í balẹ̀: Jack Russell àti Basenji.

1. Jack Russell

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Orúkọ àlùfáà kan, John Russell (1795 sí 1883), ni a fi pè é. Ní 1819, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó ra abo ajá kan tí ń jẹ́ Trump, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá tí ń dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti wọ inú ihò, kí wọ́n sì gbó títí ẹran yóò fi jáde. Gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ kílò 5 sí 6. Títí di òní, wọ́n ń gbó púpọ̀, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì mọ eku pa.

2. Basenji

Igbó Kóńgò ni ilé rẹ̀. Etí rẹ̀ nàró, ìrù rẹ̀ ká, iwájú orí rẹ̀ sì hunjọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà 40 sí 43, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 9.5 sí 11. Kì í sábà gbó. Ohùn kan bí orin ni ó ń ké. Nítorí èyí ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń so agogo mọ́ ọn lọ́rùn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà. Ó ń fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ bí ológbò, ooru kò sì ṣe àjèjì sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ẹran, kì í gbọ́ ìpè mọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

3. Bí a ó ṣe yàn

Bí eku bá ń dà yín láàmú, tí ẹ sì ń fẹ́ ajá tí yóò kéde àlejò lóru, ẹ mú Jack Russell. Bí ògiri kan ṣoṣo bá pín yín níyà pẹ̀lú aládùúgbò, gbígbó rẹ̀ lè di ẹjọ́. Basenji ni kí ẹ mú, kí ọgbà yín sì ga, nítorí ó mọ ọgbà gùn. Ẹ kọ́ èyíkéyìí nínú wọn láti kékeré kí ó má lé adìyẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sáré láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tí yóò so ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ó má ra ọ̀kan nínú wọn.

4. Ewu ibi tí a ń sá kòkó sí

Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Èròjà kan wà nínú kòkó tí à ń pè ní theobromine, tí ara ajá kò lè tètè dà. Ẹ̀kúnwọ́ kòkó gbígbẹ kan lè mú ajá kílò 5 ṣàìsàn gidigidi, ó sì lè pa á. Bí ajá ṣe kéré tó ni ewu náà ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ó le fún Jack Russell ju Basenji lọ. Bí ajá bá ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì, ẹ má ṣe dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ fi ọgbà yí ibi tí ẹ ń sá kòkó ká, ẹ má sì da èèpo èso rẹ̀ sí àgbàlá.

5. Àrùn dìgbòlugi

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ti wí. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí ẹ tó san owó ajá, ẹ kọ́kọ́ wo àgbàlá yín. Ibi tí kòkó wà nílẹ̀ láìsí ọgbà kò tíì yẹ fún ajá kékeré.