Ẹ má fi owó ìdánwò CCNA ra irin tòkunbọ̀

Iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra ní báńkì, ọsibítù, yunifásítì àtàwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, wà lára iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń kọ́ lóde òní. Ìwé-ẹ̀rí tí àwọn agbanisíṣẹ́ sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún ni CCNA, tí iléeṣẹ́ Cisco ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń fún ẹni tó bá yege nínú ìdánwò wọn. Ìwé kíkà nìkan kò tó láti yege níbẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń fẹ́ ní ibi ìdánrawò tiẹ̀ nínú ilé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń náwó nínàákúnàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó ìdánwò náà fúnra rẹ̀. 300 dọ́là ni Cisco ń gbà fún èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200-301, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, 300 dọ́là jẹ́ 138,000 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni CBN fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, dọ́là kan ti ju 1,500 náírà lọ, 300 dọ́là kan náà sì ti di 450,000 náírà ó lé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, owó tuntun ló máa san kó tó tún ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró fún ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ wá wo ọmọ tó kó owó àjọ, tó fi ra ráútà mẹ́ta àti súwíìṣì mẹ́ta nígbà kan náà, tí irin kún inú yàrá rẹ̀, tí kò wá rí owó ìdánwò san mọ́. Irú wọn pọ̀. Èrò tiwa ni pé owó ìdánwò ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kó tó kan irin. Bí owó ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà bá ti fẹ́ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìdánwò, ẹ dáwọ́ dúró ná, kí ẹ tún èrò yín pa.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ní kò ná yín ní kọ́bọ̀. Packet Tracer ni orúkọ rẹ̀, Cisco fúnra rẹ̀ ló ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Cisco Networking Academy, ẹ ó sì wà á sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín. Àwòrán ráútà, súwíìṣì àti kọ̀ǹpútà ni ẹ ó máa gbé kalẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ ó sì máa tẹ àṣẹ sínú wọn bíi pé ẹ̀rọ gidi ló wà níwájú yín. Ó lè ní kí ẹ fi orúkọ yín wọlé, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú rẹ̀ kì í jẹ dátà. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ náà lè gbé e. Ẹni tí kò bá tíì lo Packet Tracer fún oṣù méjì gbáko, kò sí nǹkan tó ń wá lọ sọ́jà.

Ó ní àléébù tiẹ̀ o. Kì í ṣe gbogbo àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ gidi ló wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, èèyàn á ṣe nǹkan bó ṣe tọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lágbára, tí RAM rẹ̀ tó jíígà 16, GNS3 wà, òun náà kì í gbowó. Ojúlówó sọ́fítíwià Cisco ló máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Cisco ló ni sọ́fítíwià yẹn, GNS3 kì í fún yín, èyí tí wọ́n ń pín kiri ní bòókẹ́lẹ́ kò sì bófin mu. Ọ̀nà tó mọ́ ni Cisco Modeling Labs, tí Cisco ti ń fún èèyàn ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ rẹ̀ láti ìparí ọdún 2024. Ẹ̀rọ márùn-ún péré ni ẹ̀yà náà gbà kí ẹ tan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ìdánrawò CCNA.

Kí wá ni èèyàn tún ń fi ojúlówó ẹ̀rọ ṣe? Packet Tracer kò lè kọ́ yín bí wáyà ṣe ń já, bí ihò ṣe ń kú, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, àti bí ọkàn ṣe ń lù kì kì kì nígbà tí iná ara súwíìṣì bá yí sí àwọ̀ ọsàn. Ohun tí ẹ máa bá níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ráútà kan àti súwíìṣì kan tó láti fi kọ́ ọ. Tí owó bá wà, súwíìṣì kejì. Iye tó yẹ kó wà nínú yàrá ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, OSPF àti àwọn nǹkan tó gba ráútà púpọ̀, ẹ ṣe wọ́n nínú Packet Tracer.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ níbí. Ọ̀pọ̀ ìtọ́ni tí wọ́n ti kọ tipẹ́ ló ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ra wáyà síríà àti káàdì WIC, kó lè fi ráútà kan so mọ́ èkejì bíi ti ìgbà Frame Relay. Frame Relay kò sí nínú ìdánwò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni PPP àti EIGRP ti kúrò níbẹ̀ látọdún 2020. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ń palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ni. Ibi tí ìdánwò wúwo sí ni kí ẹ náwó àti àkókò lé. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, dídarí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọọ̀kì kan sí òmíràn kó 25, súwíìṣì àti VLAN kó 20, ìmọ̀ ìpìlẹ̀ náà kó 20, ààbò kó 15, àwọn méjì tó kù sì gba 10, 10.

Tí ẹ bá ti ṣe tán láti rà, Computer Village n'Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń gbà lọ, lójú pópó Ọ̀tìgbà àti àwọn àdúgbò tó yí i ká. Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀rọ tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò tán. Súwíìṣì Cisco 2960 àti ráútà 1841 ti dàgbà, Cisco kò ta wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọ́ èèyàn. 2950 máa wọ́n kéré sí 2960. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe SSH, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé ẹlòmíì rí ohun tí à ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ SSH wà nínú ìdánwò.

Ẹ má ra ẹ̀rọ tí wọn kò bá tàn lójú yín. Ẹni tó ń tà á máa ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má fòyà, ẹ dá a padà tí kò bá ṣiṣẹ́." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó tàn án. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín àti wáyà console lọ́wọ́ lọ, èyí tó máa ń ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ihò síríà mọ́, nítorí náà ẹ máa nílò èyí tó ń wọ USB. Ọ̀pọ̀ ayédèrú wáyà yìí ló wà lọ́jà tí Windows tuntun kì í gbà. Èyí tó bá ní ṣíìpù FTDI gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ dani láàmú. Ẹ ṣí PuTTY, ẹ fi iye rẹ̀ sí 9600, kí ẹ wá tan ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ rommon tàbí ọ̀rọ̀ náà switch: nìkan ló dúró lé, tí kò tẹ̀ síwájú, ó ṣeé ṣe kí sọ́fítíwià inú rẹ̀ ti pa rẹ́, Cisco kì í sì fún ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn ní òmíràn. Tó bá wọlé, ẹ tẹ show version, kí ẹ wo orúkọ fáìlì sọ́fítíwià náà. Tí ẹ kò bá rí k9 nínú orúkọ yẹn, SSH kò sí níbẹ̀. Ẹ fi wáyà kan wọ ihò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀, kí ẹ wò ó bí iná rẹ̀ máa tàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá máa jóná lórí iná wa. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: ti 1841 àti 2960 gba láti fóòtì 100 dé 240, wáyà iná kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán ló sì ń wọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná fúnra rẹ̀ ló tún kù. Súwíìṣì 2960 oníhò 24 kì í jẹ ju wáàtì 30 lọ, ẹ̀rọ iná inú 1841 kò sì ju wáàtì 50 lọ. Méjèèjì kò tó 100, ínfátà kékeré máa gbé e nígbà tí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ. 2811 tóbi jù wọ́n lọ, ó ń jẹ iná jù wọ́n lọ, ariwo fáànù rẹ̀ nìkan tó láti lé ìyàwó ilé jáde. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, 2960 oníhò mẹ́jọ tí orúkọ rẹ̀ parí sí 8TC-L ni kó wá. Kò ní fáànù rárá.

Tòkunbọ̀ máa ń bá páásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíì wọlé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó bá yín tú u. Lórí ráútà 1841, ẹ pa á, ẹ tàn án, kí ẹ sì rán Break sí i láti inú PuTTY láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí rommon bá yọjú, ẹ tẹ confreg 0x2142, lẹ́yìn náà reset. Ó máa jí láì rántí nǹkan kan. Ẹ tẹ enable, ẹ fi erase startup-config nu ti àtijọ́ dànù, kí ẹ wọ configure terminal láti dá nọ́ńbà náà padà sí config-register 0x2102, nítorí bí ẹ bá gbàgbé èyí, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lónìí ni kò ní sí níbẹ̀ lọ́la. Fún súwíìṣì 2960, bọ́tìnnì Mode ni ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Tí switch: bá dé, flash_init ló kàn, ẹ wá pa config.text rẹ́, kí ẹ sì pa vlan.dat náà rẹ́, torí ibẹ̀ ni VLAN olówó àtijọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá tẹ boot.

Ìdánrawò tí a fẹ́ràn jù nìyí, torí ó jọ iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún yín gan-an. Ẹ gbà pé ṣọ́ọ̀bù kan ní kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó, ó sì ń fún oníbàárà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́jà kò fẹ́ kí oníbàárà rí ìwé owó òun. Súwíìṣì kan la máa pín sí méjì, bíi ká gé yàrá kan sí méjì: VLAN 10 fún akọ̀wé, 192.168.10.0, VLAN 20 fún oníbàárà, 192.168.20.0. Wáyà kan ṣoṣo tó ń kó VLAN méjèèjì, tí à ń pè ní trunk, ló máa lọ sí ráútà, ẹ ó sì dá fa0/0.10 àti fa0/0.20 sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú encapsulation dot1Q 10 fún èkíní àti 20 fún èkejì. Lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti ń rí ara wọn, ẹ kọ òfin tó ń dí 20 lọ́wọ́ láti dé 10, ẹ fi permit ip any any tẹ̀ lé e, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹnu fa0/0.20 ní ọ̀nà àbáwọlé. Tí ẹ bá gbàgbé permit yẹn, oníbàárà kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, torí òfin tí a kò kọ, tó ń dí gbogbo ọ̀nà, ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ wá dán an wò láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé: ping sí oníbàárà. Kò ní dé. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, tó sì máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Nǹkan kan ò bà jẹ́. Ìbéèrè akọ̀wé dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, èsì rẹ̀ ló ń bọ̀ láti 20 sí 10, òfin tí ẹ kọ fúnra yín ló sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tí ping bá kọ̀ ṣáájú kí ẹ tó kọ òfin kankan, ẹ kọ́kọ́ yẹ ààbò Windows wò lórí kọ̀ǹpútà kejì, torí òun náà kì í dá ping lóhùn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń lọ déédéé, ẹ ní kí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ yín bà á jẹ́ nígbà tí ẹ kò sí nílé: kó tẹ switchport trunk allowed vlan 10, kó yọ wáyà kan díẹ̀, kó yí nọ́ńbà kan padà. Ẹ bọ̀ wálé, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ wá a. Show interfaces trunk àti show ip interface brief máa sọ èyí tó pọ̀ jù fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá rí àṣìṣe mẹ́ta tí wọ́n fi pamọ́ láàárín ìdajì wákàtí, tí ẹ sì lè kọ́ nẹ́tíwọọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yìí láti òdo láìwo ìwé, ẹ lè lọ san 300 dọ́là.