Àwọ̀ Ẹ̀tù Lára Ògiri

Funfun niyì eyín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní òun náà niyì ògiri. Síbẹ̀, láti Kétu dé Pobè àti Sakété, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í ro àwọ̀ mìíràn mọ́ inú ilé ju funfun lọ. Ilẹ̀ wa sì rèé, pupa ni. Ọwọ́ ọmọdé, ẹ̀yìn àga, èjìká ẹni tó fara ti ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń fi àmì pupa sílẹ̀, títí ògiri á fi dọ̀tí láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á fi àwọ̀ ẹ̀tù, aró tó ki tó sì ní eérú díẹ̀ nínú, kun ògiri kan ṣoṣo ní pálọ̀, kí ìyókù àti àjà máa funfun lọ.

Àwọn kan á ní àwọ̀ ọ̀fọ̀ ni. Mi ò gbà. Ẹ̀tù, sányán àti àlàárì ni aṣọ òkè tí Yorùbá kà sí jù, wọ́n sì ń wọ ẹ̀tù lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n fi aró kùn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà tí UNESCO dá lọ́lá ní 2001: ẹ̀gbẹ́ aró yẹn gan-an ni ẹfun ti ń tàn. Wọ́n á tún ní ó ń mú yàrá gbóná, ó sì ń mú un ṣókùnkùn; ọ̀rọ̀ ooru àti òkùnkùn yìí ló wúwo jù. Ní ti ooru, oòrùn tó ń lu páànù àti ògiri ìta ló ń mú yàrá gbóná. Ògiri inú tí oòrùn kò kàn kì í gbóná nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kí ìta ṣáà máa funfun. Ní ti òkùnkùn, òótọ́ ni wọ́n sọ: funfun ń dá nǹkan bí ìdá 8 nínú 10 ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ̀tù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá 1 lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá tó ní fèrèsé kan péré, tí igi máńgòrò tún ṣíji bò, kò gba ẹ̀tù, kí onílé má fipá mú un. Ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀ náà kò gbà á, torí ìmọ́lẹ̀ ìta á máa gún ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú yẹn. Èyí tó dojú kọ fèrèsé ni ká kùn.

Ọwọ́ akunlé ló kù. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yẹ kó gbẹ tó ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Bí omi bá ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀ lásìkò òjò, iyọ̀ funfun á yọ sára ẹ̀tù, á sì hàn ketekete. Ẹ wá nǹkan ṣe sí omi yẹn ná. Bó bá jẹ́ pé akunlé ló ń po àwọ̀ fúnra rẹ̀, kó po gbogbo èyí tí ògiri máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, torí àpòtúnpò kì í bá ti àkọ́kọ́ mu. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ kun pátákó, kí onílé wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ nígbà tí iná bá tàn; aró tó wuni lọ́sàn-án lè di dúdú kirikiri lálẹ́. Ọ̀dà tó ṣeé nù ni kí wọ́n rà. Eruku ọyẹ́ á hàn lára ẹ̀tù, èyí ò ṣeé sẹ́, àmọ́ aṣọ tútù ń nù ún kúrò; àmì ọwọ́ tó ti wọ funfun kì í tán bọ̀rọ̀. Igbá fífín kan, tàbí fọ́tò àwọn òbí nínú férémù funfun, ti tó láti fi kọ́ ara ògiri náà.