Oúnjẹ Àgọ́, Ilé Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ àti ọ̀rẹ́ lọ sùn nínú àgọ́, ì báà jẹ́ lẹ́bàá òkè Ìdànrè tàbí nítòsí omi gbígbóná Ìkògòsì, ilé ló yẹ kó ti parí èyí tó le jù nínú ìdáná. Àwọn kan á ru odindi apẹ̀rẹ̀ tòmátò àti ọlọ lọ. Ata lílọ̀ á gba ọ̀sán wọn, iná fífẹ́ á gba ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì ní ráyè gun òkè tí wọ́n torí rẹ̀ wá.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹ máa jẹun. Ẹni tó dé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, tó máa kúrò láàárọ̀ Àìkú, ìgbà 5 ni yóò jẹun. Ẹ má dáná rárá lálẹ́ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ á ti máa ṣú, ẹ ò tíì pàgọ́ tán, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé gbóná-gbóná sínú kúlà ti tó.

Ata díndín ni baba oúnjẹ àgọ́. Ẹ lọ tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà àti tòmátò, kí ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó da òróró sí i. Ẹ máa rò ó títí òróró á fi léfòó, tí ata ò ní máa ta pàràpàrà mọ́. Omi ló ń tètè ba ata jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ dé e nígbà tó ṣì gbóná: ooru á di omi lára ìdérí, á kán padà sínú rẹ̀. Ìgò gbígbẹ, ṣíbí gbígbẹ, kí ẹ sì fi áìsì tì í nínú kúlà mìíràn. Ẹ rún ẹja gbígbẹ sí i lọ́hùn-ún, ọbẹ̀ dé nìyẹn. Iṣu ńkọ́? Ẹ má bó o. Ẹ tì í bọ ẹyín iná, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo tó jóná kúrò.

Ní tèmi, kí ẹ̀wà dúró sílé. Èédú tó ń jẹ ti pọ̀ jù.

Ìwọ̀n ìrẹsì tí ẹ lè jẹ tán ni kí ẹ sè. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, wákàtí 1 péré bí oòrùn bá mú gan-an. Kòkòrò kan ń tu oró sínú ìrẹsì tó sùn, bí ẹ tilẹ̀ tún un gbé kaná, oró náà kì í kú. Omi mímu ní tirẹ̀, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ gàrí yín. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó ibà Lassa bá oúnjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Ìdànrè wà sì wà lára àwọn tí àrùn náà ń yọ lẹ́nu jù. Gàrí tí a fi omi tútù mu kò rí iná tí yóò pa kòkòrò àrùn náà. Inú ike tó dé pinpin ni kó wà, kì í ṣe inú ọ̀rá.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ da omi síná, ẹ tú eérú rẹ̀, ẹ tún da òmíràn sí i. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo lè jó oko olóko.