Bẹ́líìtì Apá: Níbo Gan-an Ló Yẹ Ká So Ó Mọ́?

Télọ̀ ni àǹtí mi. Nígbà tí Iléyá ku oṣù kan, apá ọ̀tún wọn ń dùn wọ́n débi pé wọn ò lè gbé ife tíì. Wọ́n ra bẹ́líìtì apá ní kẹ́mísítì, wọ́n so ó mọ́ orí egungun ìgúnpá gan-an, wọ́n fún un pinpin, wọ́n sì gbé e sùn. Kílẹ̀ tó mọ́, ìka wọn ti kú. Aṣọ oníbàárà sì wà nílẹ̀ o!

Tennis elbow ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ò gbá tẹ́níìsì rí. Kódà, nígbà tí dókítà ará Jámánì kan, Runge, kọ nípa rẹ̀ ní 1873, ìwé kíkọ ló so ó mọ́. Télọ̀, bíríkìlà, mẹkáníìkì, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Ìgbàkígbà tá a bá di nǹkan mú, iṣan ẹ̀yìn apá ló ń mú kí ọrùn ọwọ́ dúró gírí. Ibi egungun tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ni iṣan náà so mọ́. Tá a bá ń fà á ṣáá láìsinmi, ibẹ̀ á bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ewúrẹ́ tá a so mọ́ èèkàn. Tó o bá di okùn náà mú láàárín, ọwọ́ rẹ ni ìfà ewúrẹ́ máa kọ́kọ́ bá, èèkàn á sinmi díẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́líìtì nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó wà lórí èèkàn fúnra rẹ̀.

Fọwọ́ kan egungun yẹn, kó o wọn nǹkan bí ìka méjì sísàlẹ̀, síhà ọrùn ọwọ́. Di ẹ̀ṣẹ́: ibi tí ẹran apá ti wú ni kó o so ó mọ́. Kó fún díẹ̀, kó má gé ọ lára. Wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́, bọ́ ọ sùn. Tí ìka bá ń ta ọ́ bí abẹ́rẹ́, tú u kíá.

Àmọ́ bẹ́líìtì ò wo iṣan sàn o, ìrora ló ń dín kù. Ìsinmi àti eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ ló ń tún un ṣe, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìṣubú ló fà á, tàbí ìgúnpá wú tó sì gbóná, dókítà ló kàn.

Àǹtí mi sún bẹ́líìtì wọn sísàlẹ̀, wọ́n gbé àlùmọ́gàjí fáwọn ọmọ iṣẹ́. Ìrora ò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n aṣọ Iléyá jáde. Ẹ sọ fún télọ̀ yín náà.